Ikán Abẹ́ Yàrá Ìwé Mi

Ọjọ́ Ajé, 10 Ẹrẹ́nà 2025

Sílíìnì yàrá Sẹ̀kínátù já lulẹ̀ láàárọ̀ yìí, kò pẹ́ sí ìgbà tó jẹ sààrì tán. Mo gbọ́ ọ ní ìsàlẹ̀ níbí, ó ró bí ìgbà tí típà bá da yanrìn sílẹ̀. Mo gun àtẹ̀gùn lọ wò ó. Kò fara pa. Orí ẹní àdúrà ló wà ní pálọ̀ nígbà tó já. Iyẹ̀pẹ̀ pupa bo bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ikán funfun ń ràkò lórí ìrọ̀rí. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn igi tó gbé sílíìnì náà dúró, ó fọ́ sí mi lọ́wọ́ bíi bisikíìtì.

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Alhaja."

Ó ní, "Ẹ ṣé, Alága."

N kì í ṣe alága bùlọ́ọ̀kù yìí mọ́, ó ti pẹ́. Shamsudeen ni alága. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti dáná sun pákó ọkọ rẹ̀, Sẹ̀kínátù kò pè mí ní orúkọ mìíràn. Bàbá Tòkunbọ̀ ló ń pè mí tẹ́lẹ̀.

Rùkáyàt ọmọ rẹ̀ sáré dé láti Awoyaya lọ́sàn-án. Mo wà lórí àtẹ̀gùn, mo ń gbọ́ wọn.

"Màámi, ẹ di ẹrù yín. Yàrá yín wà nílé mi, ó ti wà níbẹ̀ látèṣí."

"Ikán ò lè lé mi kúrò nílé ọkọ mi."

"Tí òrùlé bá wá wó lé yín lórí ńkọ́?"

"Tó bá tún já lẹ́ẹ̀kan sí i kí Iléyá tó dé, màá bá ẹ lọ. Ó tán?"

Mo sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó rí mi. N kò fẹ́ kí obìnrin yìí sá kúrò nílé rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lé. Mo ti ni ín lára tó.

Ọjọ́rú, 12 Ẹrẹ́nà

Mo fi èèkù ọ̀bẹ kan gbogbo igi inú ilé mi. Igi tó bá le a dún kó. Èyí tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán a dún bóbó, bí ìgbà tí ènìyàn bá kan páálí. Férémù ilẹ̀kùn balùwẹ̀ dún bóbó. Ti kíṣìnnì náà dún bẹ́ẹ̀. Mo gún ti kíṣìnnì, ọ̀bẹ wọlé dé èèkù. Ọ̀dà nìkan ló dúró.

Ọ̀nà amọ̀ tí wọ́n mọ gba ẹ̀yìn páìpù omi kíṣìnnì mi lọ sí ti Sẹ̀kínátù lókè, ó sì gba ibẹ̀ wọ òrùlé. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń wá. Ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kí n tó di ọ̀gá ilé ìwé. Mo máa ń yà á sójú pátákó fún wọn: ikán ń gbé inú ilẹ̀, ó ń wá oúnjẹ lọ sókè, ó ń padà sílé. Èwo ni ilé àwọn wọ̀nyí, ibo ló wà?

Ooru mú gan-an. Kò sí iná láti àná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Ẹrẹ́nà

Jímọ̀ tó ń fín oògùn kòkòrò dé láti Ajah, ó gbé táǹkì sẹ́yìn bí ẹni pọnmọ. Ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún ló kọ́kọ́ pè é. A parí rẹ̀ sí ọgọ́ta, oògùn àti iṣẹ́.

"Bàbá, oògùn mi yìí, ikán tó bá gbóòórùn ẹ̀, Ẹ̀pẹ́ ló máa sá dé."

Ó fín ẹsẹ̀ ògiri yíká, ó fín ẹ̀yìn páìpù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ àtẹ̀gùn. "Ṣé wọn ò kó pákó síbí rí? Ibi tí pákó bá wà ló máa ń ti bẹ̀rẹ̀."

Sẹ̀kínátù ń sá aṣọ lókè. "Wọ́n kó o síbẹ̀ rí," ó ní. "Bi Alága, òun ló mọ ibi tó gbà."

Jímọ̀ wò mí. Mo ní kó máa fín oògùn ẹ̀ lọ.

Adétòkunbọ̀ ọmọ mi pè láti Oniru ní ìrọ̀lẹ́. "Dádì, ẹ tún ìsàlẹ̀ tiyín ṣe. Ẹni òkè ló ni òkè. Kí ló kàn yín níbẹ̀?"

Mo ní ó kàn mí.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Ẹrẹ́nà

N óò kọ ọ́ síbí, nítorí n kò tíì kọ ọ́ síbì kankan.

Káfíńtà ni Lateef, ọkọ Sẹ̀kínátù. Bó bá rí pákó apá tó dáa níbi iṣẹ́, á rà á, á gbé e wálé, á tò ó sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ní ilẹ̀ kékeré kan ní Awoyaya. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé tó máa kọ́ síbẹ̀ ló ń tọ́jú igi fún. Ó kú kó tó kọ́ ọ. Nígbà tó yá, ikán yọ nínú bùlọ́ọ̀kù. Mo pe ìpàdé, mo ní pákó abẹ́ àtẹ̀gùn ló fà á, kí wọ́n kó o kúrò. Sẹ̀kínátù dìde níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Bàbá Tòkunbọ̀, ikán kì í jẹ apá. Ẹ wo ibòmíràn." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo ní kó jókòó. Ó bẹ̀ mí pé kí n dúró títí òun yóò fi rí ọkọ̀ tí yóò kó o lọ sí Awoyaya. N kò dúró. Mo ní kí wọ́n kó o síta, mo sì ṣáná sí i fúnra mi.

Òótọ́ ló sọ. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni nígbà tó ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rín tí wọ́n fi mí rín ni mo dáná sun.

Ó ku ohun kan. N kò tíì lè kọ ìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Ẹrẹ́nà

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Rùkáyàt gbé ìrẹsì àti adìẹ sọ̀ kalẹ̀ wá fún mi. Kò sí ọ̀nà amọ̀ tuntun.

Ọjọ́rú, 9 Igbe

Wọ́n ti padà. Ibi tí Jímọ̀ fín sí mọ́ tónítóní. Wọ́n yẹra fún un, wọ́n gba igun kejì kíṣìnnì gòkè. Mo ké sí i. Ó dúró níbẹ̀, ó ń họ orí.

"Bàbá, àwọn ikán ìsinsìnyí ti kàwé."

"Èmi náà kàwé. Kí la máa ṣe?"

"Ilé wọn ò sí lára ògiri, sà. Ó wà nínú ilẹ̀ yín níbì kan. Tá ò bá tíì pa ìyá wọn, à kàn ń fi oògùn wẹ̀ wọ́n lásán ni."

Sílíìnì pálọ̀ Sẹ̀kínátù ti ń tẹ̀ láàárín. Ó gbé àga ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ ògiri, ó jókòó síbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Igbe

Òjò ńlá àkọ́kọ́ lọ́dún yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Omi dé orókún níwájú géètì, àwọn oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé kẹ̀kẹ́ wọn gun ẹ̀bá ọ̀nà. Ó dá ní ìrọ̀lẹ́.

Mo lọ jókòó sí yàrá ìwé, ìyẹn yàrá tí mo fà yọ síwájú ilé. Mo tan iná. Èsúnsún kan, ikán tó hu ìyẹ́, bà sórí tábìlì. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kí n tó dìde, wọ́n ti ń tú jáde ní ẹsẹ̀ ògiri lábẹ́ pẹpẹ ìwé mi bí omi páìpù tó bẹ́. Ìyẹ́ wọn bo gíláàsì ojú mi. Mo ṣí ilẹ̀kùn síta kí wọ́n lè lọ, àṣìṣe mi nìyẹn, nítorí gbogbo bùlọ́ọ̀kù rí wọn. Àwọn ọmọdé gbé báàfù omi dé. Ìyá Ràhmát tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ mi gbé tirẹ̀ wọlé kalẹ̀ sábẹ́ iná mi láìkí mi.

"Bàbá, ẹ má pa iná yẹn o, ẹ jọ̀ọ́."

Sẹ̀kínátù sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú abọ́ kékeré kan. Ó rí ibi tí wọ́n ti ń jáde. Ó wo ibẹ̀ pẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ wá ń sìn wọ́n, Alága."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú pẹpẹ ìwé mi.

"Ẹ ṣeun o. Ó ti pẹ́ tí mo ti jẹ èsúnsún kẹ́yìn."

Ó bu abọ́ rẹ̀ kún, ó gòkè lọ. Nígbà tó yá, mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀ bó ṣe ń yan án.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Igbe

Àjíǹde. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ìwàásù. Kùkùté igi fúrúùtù ni mo ń rò.

Igi náà wà níwájú bùlọ́ọ̀kù kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó kó wọlé. Abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wa ń jókòó sí, ibẹ̀ ni Lateef ti máa ń fá pákó. Ọdún tí mo di alága ni mo gé e, mo sì fa yàrá síwájú lórí ilẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo wa. Ta ni yóò bá alága wí? Bíríkìlà ní kí òun hú kùkùté náà kí òun tó da kọnkéré. Mo ní kó dà á lé e lórí, pé bó bá ti wà lábẹ́ kọnkéré, ó ti parí.

Kò parí. Abẹ́ àga mi ni ilé wọn wà. Mo jókòó lé wọn lórí látọdún yẹn wá, mo ń kàwé, mo sì ń fẹ̀sùn kan abẹ́ àtẹ̀gùn.

A ní láti wó yàrá náà. Mo ti sọ fún Jímọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Igbe

Mo kó ìwé jáde. Èyí tó pọ̀ jù kò ṣeé kó, mo fi ṣọ́bìrì gbá a. Wọ́n jẹ Bíbélì ìyàwó mi dé ìdajì Orin Dáfídì, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Mo tọ́jú ìyókù.

Pẹpẹ tí wọ́n kò jẹ kò ju ẹyọ kan lọ, èyí tó gùn ní àárín. Mo kàn án: kó.

Ohun tí n kò lè kọ lọ́jọ́sí nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ iná yẹn, mo lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn, mo yan pákó tó dáa jù nínú ti Lateef, mo gbé e wọlé. Mo fi ṣe pẹpẹ. Mo yí i padà lónìí, mo rí i pé ìkọ̀wé pẹ́ńsù Lateef ṣì wà lójú rẹ̀ kejì: *ilẹ̀kùn iwájú*.

Mo yan apá nítorí pé ikán kì í jẹ apá. Kò sí bí mo ṣe lè sọ pé n kò mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 24 Igbe

Adétòkunbọ̀ pè.

"Ẹ fẹ́ wó o? Dádì, mo ti rí ẹni tó fẹ́ háyà yàrá yẹn fi ṣe ṣọ́ọ̀bù."

"Kò sí ohun tó máa háyà."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò jẹ́ ká wọ bàtà wọ yàrá ìwé?"

"Òun náà ni."

Lẹ́yìn náà ó ní òun máa fi nǹkan ránṣẹ́ fún igi òrùlé. N kò tíì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Ẹ̀bìbí

Jímọ̀ mú ọkùnrin méjì wá pẹ̀lú òòlù ńlá. Shamsudeen jáde wá wò wọ́n, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ gbàṣẹ láti wó o?"

"Mi ò gbàṣẹ nígbà tí mo kọ́ ọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i lára.

Ògiri kò ní agbára kankan. Kọnkéré ilẹ̀ ló fún wọn níṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fọ́ ọ, kùkùté kò sí níbẹ̀ mọ́. Àyè rẹ̀ ló kù, bí igi náà ṣe rí gẹ́lẹ́, ikán ti fi amọ̀ àti nǹkan eléérú bíi kànìnkànìn kún un. Gbogbo ibi tí gbòǹgbò gbà ni wọ́n gbà. Gbòǹgbò kan lọ tààrà sábẹ́ kíṣìnnì mi.

Jímọ̀ wa ìṣù amọ̀ líle kan jáde, ó là á pẹ̀lú ọkọ́. Ìyá wọn wà nínú rẹ̀. Ó tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ, ara rẹ̀ ń mì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò lè rìn. Gbogbo bùlọ́ọ̀kù péjọ. Sẹ̀kínátù tẹ̀ síwájú lórí balikóni.

"Ṣé òun nìyẹn?"

"Òun ni, Alhaja."

"Kò tiẹ̀ ga."

Jímọ̀ da oògùn sí ihò kọ̀ọ̀kan tí gbòǹgbò gbà títí ilẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Kò gba owó iṣẹ́ fún tòní. Ó ní gbèsè oògùn àkọ́kọ́ tí kò ṣiṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn òun.

Ọjọ́rú, 14 Ẹ̀bìbí

Bọ̀sún káfíńtà ṣí páànù òkè. Ìdajì igi òrùlé apá ibi tí yàrá Sẹ̀kínátù wà ti di ìyẹ̀fun. A fi tapólì bò ó lálẹ́, nítorí òjò. Sẹ̀kínátù ń sùn ní pálọ̀.

Mo bá Bọ̀sún lọ ra igi ní Awoyaya. Mo bèèrè apá.

"Bàbá, apá kẹ̀? Àwọn tó ń kọ́lé sí Oniru ló ń ra apá báyìí. Ẹ jẹ́ ká ra èyí tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn."

Èyí tí wọ́n rẹ sínú oògùn la rà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì iye tó jẹ́ lọ́dún tó kọjá. Owó Adétòkunbọ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Ẹ̀bìbí

Mo gbé pákó Lateef gun òkè. Ó wúwo ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ. Mo sinmi lágbedeméjì àtẹ̀gùn. Sẹ̀kínátù ń ṣa ẹ̀wà ní pálọ̀.

"Bọ̀sún ti wá gbà yín síṣẹ́?"

"Igi yìí kì í ṣe ti Bọ̀sún. Ti Lateef ni."

Mo yí i padà kó lè rí ojú tó kọ̀wé sí. Kò fọwọ́ kàn án. Ó wò ó, ó tún padà sórí ẹ̀wà rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ mú un?"

"Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ iná."

"Ẹ ti mọ̀ nígbà yẹn pé ikán kì í jẹ ẹ́."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá sun ìyókù?"

"Ẹ já mi ní koro níwájú ènìyàn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín."

Ó gbé àwo ẹ̀wà kúrò lórí itan. "Mo rò pé ẹ ò mọ̀ ni. Látọdún yẹn wá ni mo ti ń sọ fún Rùkáyàt pé, Alága ò mọ̀ ni, ìwé ló mọ̀, kò mọ igi. Mo ti bá yín ṣe àwáwí sílẹ̀."

Mo ní kó dárí jì mí.

"Ìta gbangba lẹ ti ní kí n jókòó. Ẹ má wá bẹ̀ mí ní kọ̀rọ̀."

Bọ̀sún yọjú láti òkè àjà. "Alhaja, igi yẹn mà dáa o. Ẹ jẹ́ n fi tẹ́ orí ògiri yàrá yín."

"Ilẹ̀kùn lẹni tó ni ín ní kó jẹ́," Sẹ̀kínátù ní. "Má fọwọ́ kàn án."

Ọjọ́rú, 28 Ẹ̀bìbí

Páànù ti padà sórí. Sílíìnì tuntun ti wà nínú yàrá àti pálọ̀. Òjò rọ̀ láàárọ̀ láti dán an wò, kò jò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 Ẹ̀bìbí

Ìpàdé bùlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ìmọ́tótó àyíká. Ibi tí yàrá ìwé mi wà tẹ́lẹ̀ la ti ṣe é, ibẹ̀ ló láyè jù báyìí. Wọ́n sọ̀rọ̀ ṣáláńgá tó kún, wọ́n sọ̀rọ̀ ẹni tó ń da omi ẹja sílẹ̀. Shamsudeen ní ṣé ẹnì kan ní nǹkan sọ.

Mo dìde. Mo sọ ọ́ láti orí igi fúrúùtù dé orí pákó abẹ́ àtẹ̀gùn, dé orí èyí tí mo gbé wọlé. Mo ní Sẹ̀kínátù ló sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, mo sì mọ̀. Àwọn tó rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, méjì ló kù nínú wọn níbí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ràhmát dé nígbà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀."

Mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kejì nira ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Sẹ̀kínátù wà lórí àga ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú nítorí oòrùn. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó tó. Ẹ jókòó."

Mo jókòó.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Òkúdù

Iléyá. Òjò rọ̀ láti ìdájí títí wọ́n fi kírun tán, ó tún rọ̀ lọ́sàn-án. Sílíìnì kò já. Itan àgbò kan wá láti òkè, wọ́n ti dín in.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Òkúdù

Rùkáyàt gbé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré wá. Sẹ̀kínátù ń kó lọ sí Awoyaya.

Mo ní, "Alhaja, òrùlé ti dúró. Ikán ti lọ."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe lè lọ. Ẹsẹ̀ mi ti ń dùn mí lórí àtẹ̀gùn yìí tipẹ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ jáde níbí bí ẹni tí wọ́n lé."

Pákó Lateef ló kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. Rùkáyàt fẹ́ gbé e kẹ́yìn, pé ó gùn. Ìyá rẹ̀ ní rárá, kó tẹ́ ẹ sílẹ̀, kó to gbogbo ẹrù yòókù lé e. Wọ́n ń kọ́ yàrá méjì sórí ilẹ̀ Lateef ní Awoyaya, ilẹ̀kùn iwájú kò tíì sí níbẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń kó o. Ọkọ̀ tó ní kí n dúró dè nígbà yẹn, òun ló dé lónìí.

Nígbà tó jókòó síwájú tán, ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé.

"Alága, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yìí. Títí a ó fi rí ẹni tó máa háyà ilé náà, ẹ máa bá mi kan àwọn igi òkè yẹn wò. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dún."

Rùkáyàt yíjú. "Màámi, òun lẹ máa wá fún ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ta ló tún mọ ikán jù ú lọ? Wa ọkọ̀, jàre."

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Òkúdù

Àwọn ènìyàn ti gbé bẹ́ǹṣì méjì wá síbi tí yàrá ìwé mi wà. Oòrùn ń pa wọ́n níbẹ̀, wọ́n sì jókòó.

Mo gun òkè. Pálọ̀ ṣófo, òórùn pákó tuntun gba ibẹ̀. Mo fi èèkù ọ̀bẹ kan férémù ilẹ̀kùn, mo kan ti fèrèsé. Mo gun orí àga, mo kan igi tó wà lókè ibi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ máa ń wà. Mo dúró, mo tẹ́tí.

Kó.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo sọ̀ kalẹ̀.